Washington: Àwọn ibi tí ọ̀kẹ́sítírà kan ti jókòó, àti àwọn tó dúró níwájú rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó bá dé Washington máa ń lọ wo ilé Ààrẹ, ère Lincoln àti àwọn mùsíọ́mù tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ pápá ńlá àárín ìlú. Èmi náà dé àwọn ibi wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ohun tó gbé mi dé ìlú náà gan-an ni National Symphony Orchestra, ọ̀kẹ́sítírà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1931. Láti ìgbà tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìbàdàn ni mo ti ń ka ìtàn àwọn adarí orin, nítorí mo gbà pé bí a bá mọ ẹni tí wọ́n fún láyè láti dúró níwájú àwọn eléré, tí a sì mọ ẹni tí wọ́n fi ààyè náà dù, a ó mọ púpọ̀ nípa ìlú tó ni wọ́n. N kò tíì rí ìlú tí èyí hàn kedere nínú ìtàn rẹ̀ tó Washington.

Ọ̀dọ̀ àbúrò màmá mi ni mo dé sí ní Lanham, ní ìpínlẹ̀ Maryland, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí débi pé èèyàn lè ra ẹ̀lùbọ́ àti ewédú láìrìn jìnnà. Àǹtí mi fi mọ́tò gbé mi dé ibùdókọ̀ ojú irin New Carrollton ní àárọ̀ kí wọ́n tó kọjá síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wọn, mo sì wọ ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Orange Line, èyí tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọ àárín ìlú. Mo sọ̀ ní Farragut West, mo fẹsẹ̀ rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé Ààrẹ, títí mo fi dé iwájú Constitution Hall.

Gbọ̀ngán yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí, nítorí ibẹ̀ ni ilé ọ̀kẹ́sítírà náà fún nǹkan bí 40 ọdún. John Russell Pope ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n ṣí i ní ọdún 1929, ìjókòó inú rẹ̀ sì lé ní 3,700. Àwọn tó ni ín títí di òní ni ẹgbẹ́ Daughters of the American Revolution, ìyẹn àwọn obìnrin tí wọ́n jẹ́ àtọmọdọ́mọ àwọn tó ja ogun òmìnira Amẹ́ríkà. Òpó gbọọrọ gbọọrọ ló wà níwájú rẹ̀, òkúta rẹ̀ funfun, kò sì sí ohun kan lára ògiri tí mo dúró sí tó sọ gbogbo ohun tí ojú ilé náà ti rí.

Hans Kindler ló dá ọ̀kẹ́sítírà náà sílẹ̀. Rotterdam, ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1892. Kí ó tó di adarí, ó ti ta sẹ́lò, ohun èlò olókùn ńlá tí wọ́n máa ń gbé sáàárín orúnkún, nínú ọ̀kẹ́sítírà ìlú Philadelphia lábẹ́ Leopold Stokowski. Ọdún tó yàn yìí le gan-an: ọ̀dá owó ti mú gbogbo Amẹ́ríkà, ilé ìfowópamọ́ ń kógbá sílé, òṣìṣẹ́ ń wáṣẹ́ kiri. Dọ́là 40 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń san fún eléré ní sáà àkọ́kọ́, oṣù 5 péré ni sáà náà sì jẹ́ nínú ọdún. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yìí púpọ̀, nítorí olú ìlú tí àwọn olóṣèlú kún bámúbámú ni, tí ọ̀kẹ́sítírà láti ìlú mìíràn sì ń wá ṣeré fún, ó sì dúró lé e lórí pé ó yẹ kí ó ní tirẹ̀. Ó darí rẹ̀ fún ọdún 18.

Àárín ìgbà Kindler ni ọ̀rọ̀ Marian Anderson ṣẹlẹ̀. Obìnrin aláwọ̀ dúdú láti Philadelphia ni, ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, àwọn ìlú ńlá Yúróòpù sì ti fi ọ̀wọ̀ gbà á kí orílẹ̀-èdè rẹ̀ tó mọ iyì rẹ̀ dáadáa. Ní ọdún 1939, Yunifásítì Howard, ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Washington, fẹ́ gba Constitution Hall kí ó lè kọrin níbẹ̀. Àwọn tó ni gbọ̀ngán kọ̀, nítorí òfin wọn ni pé òṣèré aláwọ̀ funfun nìkan ló lè gun orí pèpéle náà. Eleanor Roosevelt, ìyàwó Ààrẹ, kọ̀wé fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Harold Ickes, mínísítà tí àwọn ilẹ̀ ìjọba wà lábẹ́ rẹ̀, fọwọ́ sí i pé kí Anderson kọrin lórí àtẹ̀gùn ilé ìrántí Lincoln. Ní ọjọ́ Àjíǹde, ọjọ́ 9 oṣù kẹrin, èèyàn tí wọ́n fojú bù sí 75,000 péjọ síwájú rẹ̀, funfun àti dúdú pọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbọ́ ọ lórí rédíò. Dùùrù kan ṣoṣo ló bá a lọ, Kosti Vehanen ló sì tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kẹ́sítírà olú ìlú wà nílùú, gbọ̀ngán tó ń lò kò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ síbẹ̀.

Kì í ṣe àwọn eléré ló ṣe òfin yẹn, n kò sì ní dá wọn lẹ́bi ohun tí onílé ṣe. Síbẹ̀, mo dúró pẹ́ níwájú ilé náà, ìbínú sì mú mi, nítorí inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe orin tó dára jù lọ ní ìlú náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òfin yẹn sì wà níbẹ̀ láìyẹ̀. Anderson padà kọrin nínú gbọ̀ngán náà ní ọdún 1943, ibẹ̀ náà ló sì ti bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò ìdágbére rẹ̀ ní ọdún 1964. Ó yẹ kí àwa Yorùbá fi ọkàn sí orúkọ Howard yẹn pẹ̀lú, nítorí Fela Sowande tiwa, tó kọ orin fún dùùrù àti fún ọ̀kẹ́sítírà, kọ́ni ní yunifásítì náà láti ọdún 1968 sí 1972.

Láti Constitution Hall, mo gba ẹ̀gbẹ́ odò àtọwọ́dá tó tẹ́jú lọ sí ọ̀dọ̀ Lincoln, mo gun àtẹ̀gùn ibi tí Anderson ti kọrin, mo sì yí sí ẹ̀yìn. Àtẹ̀gùn mìíràn wà níbẹ̀, tó fẹ̀, tó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò Potomac. Láti ọdún 1935 títí di 1965, wọ́n máa ń so ọkọ̀ ojú omi pẹrẹsẹ kan mọ́lẹ̀ níwájú àtẹ̀gùn yìí ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀kẹ́sítírà a jókòó sínú ọkọ̀, àwọn ará ìlú a jókòó sórí àtẹ̀gùn, àwọn mìíràn a sì gbé ọkọ̀ kékeré tiwọn wá. Kindler ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ariwo ọkọ̀ òfuurufú jẹ́ẹ̀tì tó ń balẹ̀ sí pápákọ̀ òdìkejì odò ló fòpin sí i. Bí mo ti jókòó síbẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú kan tẹ̀ lé ojú odò kọjá lókè orí mi, òmíràn sì tẹ̀ lé e kí ariwo ti ìṣáájú tó lọ. Ó yé mi bí fèrè kò ṣe lè bá irú èyí díje, inú mi sì bàjẹ́ pé a pàdánù rẹ̀, nítorí ibi gbalasa létí omi, tí mẹ̀kúnnù lè jókòó sí láìsí wàhálà aṣọ òde, jẹ́ ibi tó yẹ ọ̀kẹ́sítírà tó ń jẹ́ orúkọ orílẹ̀-èdè.

Ẹni tó gbapò lọ́wọ́ Kindler ni Howard Mitchell, eléré sẹ́lò nínú ọ̀kẹ́sítírà náà fúnra rẹ̀, ó sì ṣe é fún 20 ọdún, láti 1949 sí 1969. Àwọn òǹkọ̀wé kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, èmi náà kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, àfi pé kí n sọ pé ó fún orin àwọn ọmọdé láyè dáadáa.

Mo tẹ̀ lé etí odò sókè títí mo fi dé Kennedy Center, ilé ńlá aláwọ̀ funfun tí Edward Durell Stone ya àwòrán rẹ̀, tí òkúta mábù ara rẹ̀ sì ti Ítálì wá. Ibẹ̀ ni ọ̀kẹ́sítírà náà kó lọ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1971. Ọ̀kan lára àwọn olùyọ̀ǹda, àgbàlagbà obìnrin tó wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa, mú àwa àlejò yíká lọ́fẹ̀ẹ́. Ó fi gbọ̀ngán àbáwọlé tó gùn tó nǹkan bí 190 mítà hàn wá, ó sì mú wa wọ inú yàrá Áfíríkà. Ẹnu ọ̀nà igi tí Lamidi Fakeye, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, gbẹ́ wà níbẹ̀, ẹ̀bùn láti ọwọ́ Nàìjíríà. Mo sọ fún obìnrin náà pé iṣẹ́ ìdílé ni iṣẹ́ ọnà yẹn, pé láti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá Fakeye ló ti ń bọ̀. Ó ní òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ní kí n tún orúkọ náà pè kí òun lè máa pè é dáadáa fún àwọn àlejò tó ń bọ̀.

Antal Doráti, ọmọ Họ́ngárì, ló darí ọ̀kẹ́sítírà nígbà tí wọ́n ṣí gbọ̀ngán orin Kennedy Center. Ọdún 1970 ló dé, ó sì lọ ní 1977. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Doráti fún ohun kan ju gbogbo ìyókù lọ, ìyẹn ni pé ó mú James DePreist wá ṣe igbákejì adarí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Philadelphia ni wọ́n bí DePreist sí ní 1936, ìyá rẹ̀ sì ni Ethel, àbúrò Marian Anderson. Ní ọdún 1962, ìjọba Amẹ́ríkà rán an lọ sí Éṣíà láti lọ ṣeré. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọlù ú ní Bangkok, ìlú náà gan-an tó ti kọ́kọ́ dúró níwájú ọ̀kẹ́sítírà, tó sì mọ̀ pé iṣẹ́ tí òun yóò ṣe nìyẹn. Kò tún rìn láìsí ìrànlọ́wọ́ irin àti ọ̀pá mọ́, orí ìjókòó ló sì ti ń darí. Ó gba ipò kìíní nínú ìdíje Dimitri Mitropoulos ní 1964, ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ Leonard Bernstein ní New York, síbẹ̀ kò sí ọ̀kẹ́sítírà Amẹ́ríkà tó fún un ní ipò tó dúró. Ó kó lọ sí Yúróòpù, ní Rotterdam, ìlú tí wọ́n bí Kindler sí, ni wọ́n sì ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ ní ọdún 1969. Lẹ́yìn èyí ni Doráti pè é wá sí Washington.

Bí èèyàn bá ka àkójọ orúkọ àwọn olórí adarí nìkan, kò ní rí orúkọ rẹ̀, nítorí igbákejì kì í wọ inú irú àkójọ bẹ́ẹ̀. Ojú tèmi ni pé ìtàn ọ̀kẹ́sítírà náà kò pé láìsí i. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni obìnrin tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́, òun fúnra rẹ̀ sì wá ń darí àwọn eléré tí wọ́n ń lo ilé yẹn títí di 1971. Ó lọ darí ọ̀kẹ́sítírà Québec, ó sì tún ọ̀kẹ́sítírà Oregon ṣe láti 1980 títí di 2003, títí tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn Doráti ni Mstislav Rostropovich dé ní 1977, eléré sẹ́lò kẹta tí yóò darí ọ̀kẹ́sítírà yìí. Ó gba òǹkọ̀wé Solzhenitsyn sílé nígbà tí ìjọba Sófíẹ́tì ń dọdẹ rẹ̀, ohun tí ojú òun àti ìyàwó rẹ̀, Galina Vishnevskaya, rí lẹ́yìn náà kò kéré. Wọ́n fi ìlú wọn sílẹ̀ ní 1974, ìjọba sì gba ẹ̀tọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́ wọn ní 1978. Ní oṣù kejì ọdún 1990, lẹ́yìn tí wọ́n ti dá ẹ̀tọ́ náà padà, ó kó àwọn eléré Washington lọ sí Moscow, ó sì darí orin níwájú àwọn èèyàn rẹ̀ tí kò rí láti ọdún 16. Ó tún kó wọn lọ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1993, wọ́n ṣeré níta gbangba nínú gbàgede tí wọ́n ń pè ní Red Square, nígbà tí Boris Yeltsin, Ààrẹ Rọ́ṣíà, àti ilé aṣòfin ń wọ̀yá ìjà. Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀pá adarí rẹ̀ kò gún régé tó ti Doráti. Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ adarí mìíràn tó sọ ọ̀kẹ́sítírà olú ìlú kan di ohun tó ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ àjèjì.

Leonard Slatkin, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe é láti 1996 sí 2008, ó sì fún orin àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ láyè. Iván Fischer dì í mú fún ìgbà díẹ̀, Christoph Eschenbach, ọmọ Jámánì, gbà á ní 2010 títí di 2017, lẹ́yìn náà ni Gianandrea Noseda ti Ítálì dé.

Noseda ni mo rí níwájú àwọn eléré ní alẹ́ ọjọ́ náà. Àǹtí mi ti ibi iṣẹ́ wá pàdé mi, a sì jókòó sókè, níbi tí owó rẹ̀ kò ga. Wọ́n ṣe orin Beethoven pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn Sinfonia, ìyẹn orin ọ̀kẹ́sítírà, tí George Walker kọ. Orin Walker kò gùn, ó le, fèrè bàbà àti ìlù inú rẹ̀ ń já lura wọn, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni kí ó fẹ́ràn òun. Àǹtí tẹ̀ sí mi létí, wọ́n ní, “Ṣé ọmọ ìlú yìí ló kọ èyí?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà, ibí gan-an ni wọ́n bí i sí.” Ọdún 1922 ni, bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà tó ti Jàmáíkà wá. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Pulitzer fún orin, ní ọdún 1996.

Noseda àti ọ̀kẹ́sítírà náà ti gba gbogbo Sinfonia rẹ̀ máràrún sílẹ̀ báyìí. Ìkarùn-ún ni mo ń gbọ́ jù, èyí tó kọ lẹ́yìn tí apànìyàn kan pa èèyàn mẹ́sàn-án nínú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Charleston ní ọdún 2015, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti kọjá 90 ọdún. Ó kú ní 2018, kò gbọ́ bí àwọn eléré ìlú tí wọ́n bí i sí ṣe ṣe é.