Bátìrì 1,500 náírà

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ bá mi rẹ́rìn-ín ara mi. Aago Seiko 5 kan wà tí bàbá mi bọ́ fún mi lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ wá sí Àbújá, mi ò kí ń fi ṣeré rárá. Òru Fúráìdè kan mo ti òde dé, mo bọ́ ọ sílẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀ Mọ́ńdè mo wò ó, aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, mo ní àyè ń bẹ, mo rọra wẹ̀, mo tún dín dòdò, fóònù sì ti kú torí kò síná láti àná, bí mo ṣe dé ọ́fíìsì nìyẹn tí ọ̀gá wo aago tiẹ̀, ó wo èmi náà, ó sì lọ. Aago mẹ́wàá ti fẹ́ẹ̀ lù.

Mo gbé e fún bọ̀ọ̀dá kan létí títì, ó ní bátìrì ló kú, ó ṣí i, ó dì í padà, ó wá ń gbọ̀n ọ́n bí ìgbà téèyàn ń po oògùn ọmọdé. Aago dìde! Mo san 1,500 náírà, mo tún ṣàdúà fún un.

Mọ́ńdè kejì, ó tún ti kú.

Ìyá alámàlà wa ló júwe Bàbá Ìlọrin kan ní Nyanya. Bàbá fi awò sójú, ó ṣí ẹ̀yìn aago, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó pe mai shayi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, "Mallam, zo ka gani! Wọ́n ta bátìrì fún ọmọ yìí sínú ọtomátíìkì!" Ó fi irin kan hàn mí, ó rí bí ààbọ̀ òṣùpá, ó ń yí fìrì. Ó ní, "Ìwọ gan-an ni bátìrì ẹ̀. Tó o bá ń ju apá, ó ń jẹun nìyẹn. Tó o bá bọ́ ọ sílẹ̀ bíi wákàtí 40, ebi ti pa á."

Bó ṣe di pé mò ń ju apá kiri nìyẹn o. Kéké mẹ́ta ló dúró fún mi lọ́jọ́ kan tí mò ń gbọ̀n ọ́n létí títì, ìkẹta fi Hausa bú mi nígbà tí mi ò wọlé.

Bàbá ò gba kọ́bọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Látìgbà náà, Sátidé tó bá ti ráyè, mo ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀, èmi ni mò ń bá a tan tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó ní ọ́ọ̀lì inú aago mi ti gbẹ, pé kí n fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ojoojúmọ́ ni mò ń pè, ó ní, "Ṣé ọmọ lo gbé tì mí ni?"

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni aago ara ògiri wa ò ṣiṣẹ́, mo gbá a mọ́yà nínú bọ́ọ̀sì dé Nyanya. Bàbá yí i sẹ́yìn, ó yọ bátìrì, ó yí orí ẹ̀ sókè, ó kì í padà. Tíkì, tíkì, tíkì.

Mo ní, "Ẹ ṣé o, Bàbá, ẹ jẹ́ n máa lọ."

Ó nawọ́. "Mú 1,500 wá. Owó bátìrì ni."