Ìyára Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yàn: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Yíya Àwòrán Eré Ìdárayá

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé kámẹ́rà lọ sí pápá ìṣeré ní Òṣogbo, ohun tí ẹ máa ń bi mí jù ni iye tí ó yẹ kí ẹ fi shutter (ilẹ̀kùn inú kámẹ́rà tí ń ṣí, tí ó sì ń padé), aperture (ihò inú lẹ́ńsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé) àti ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára mú ìmọ́lẹ̀ tó) sí. Kò sí iye kan tí ó bá gbogbo eré mu, ṣùgbọ́n ìyára shutter ni mo máa ń kọ́kọ́ pinnu. Àwòrán tí ó ṣókùnkùn díẹ̀ ṣeé tàn lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí ISO sì mú kí ó rí bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn sí i lára ṣeé fara mọ́, àmọ́ èyí tí ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù ti rú mọ́ra wọn kò ní àtúnṣe.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìṣẹ́jú àáyá 10 sá eré 100 mítà ń kọjá mítà 10 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí shutter bá wà ní 1/125, ìyẹn ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú àáyá kan, olúwarẹ̀ ti sún síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 8 kí shutter tó padé. Ní 1/1000, sẹ̀ǹtímítà kan péré ni, bẹ́ẹ̀ apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tún ń yára ju àyà rẹ̀ lọ. Nítorí náà, n kì í lọ sísàlẹ̀ 1/1000 fún bọ́ọ̀lù, mo sì máa ń gbé e dé 1/2000 bí oòrùn bá mú dáadáa. Ohun tí wọ́n fi sínú lẹ́ńsì kí àwòrán má baà gbọ̀n, gbígbọ̀n ọwọ́ tiyín nìkan ló ń dín kù. Kò lè dá ẹni tí ń sáré dúró.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí aperture dé ibi tí lẹ́ńsì yín bá lè dé. Mo mọ̀ pé ojú ọ̀pọ̀ yín wà lára lẹ́ńsì f/2.8 (bí nọ́ńbà ẹ̀yìn f bá ṣe kéré tó ni ihò náà ṣe ń tóbi tó), ṣùgbọ́n kí ẹ má tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè. Lóòótọ́, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tí ó ń wọlé ní f/2.8 ni ó ń wọlé ní f/5.6, tí ó fi jẹ́ pé ISO 800 yóò di 3200. Síbẹ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Osun United bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé tàbí tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ń ṣe inter-house, ìmọ́lẹ̀ tó f/5.6 lò. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ máa yan ISO, kí ẹ sì pààlà fún un ní 6400, nítorí òjò lè ṣú lójijì.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù ni ojú àwọn eléré. Bí kámẹ́rà bá ń wọn ìmọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í mọ ènìyàn yàtọ̀ sí ògiri. Ohun tí ó ń wá ni kí ìmọ́lẹ̀ inú àwòrán, bí a bá pò ó pọ̀, sún mọ́ àwọ̀ eérú. Nígbà ọyẹ́ tí ojú ọ̀run bá funfun, tí agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú tí ó wọ jẹ́sì funfun bá wá fò sókè láti kan bọ́ọ̀lù, kámẹ́rà yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò dín in kù, ojú ọmọ náà yóò sì ṣú. Mo máa ń fi ìdá méjì nínú mẹ́ta stop kún ìmọ́lẹ̀ náà, nígbà mìíràn odidi kan (stop kan ni kí ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì). Kí eré tó gbóná, mo máa ń fa àwòrán àkọ́kọ́ súnmọ́ lójú kámẹ́rà, mo máa ń wo abẹ́ ojú agbábọ́ọ̀lù àti ìṣẹ́po aṣọ ní èjìká jẹ́sì: bí méjèèjì bá hàn, ó ti tó.

Fún focus, ìyẹn mímú kí ohun tí ẹ ń yà hàn kedere, ètò kan wà tí kì í dúró: AI Servo ni Canon ń pè é, AF-C ni ti Nikon àti Sony. Òun ni kí ẹ lò, kí ó lè máa tẹ̀lé ẹni tí ń sáré.

Bí eré bá di alẹ́, iná pápá tún ní ìṣòro tirẹ̀. Iná mànàmáná wa jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ni pé ó ń yí ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, yíyí kọ̀ọ̀kan sì ń tan gílóòbù lẹ́ẹ̀méjì, nítorí náà ọ̀pọ̀ gílóòbù ìgbàanì ń tàn, wọ́n sì ń rẹ̀wẹ̀sì nígbà 100 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa kò rí i, ṣùgbọ́n shutter 1/1000 rí i, àwòrán kan á mọ́lẹ̀, èyí tí ó tẹ̀ lé e á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ wá anti-flicker, ètò tí ń mú kí shutter ṣí nígbà tí iná bá mọ́lẹ̀ jù, nínú menu kámẹ́rà yín kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ tẹ ọ̀pọ̀ àwòrán léra wọn, kí ẹ sì ṣa èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dára.