Kí ẹ tó pè é ní glaucoma, ẹ wo ẹ̀yìn ojú

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ojú, glaucoma, àìsàn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́, tí ojú sì sábà máa ń le nínú rẹ̀, pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú débi pé bí a bá ti wọn bí ojú aláìsàn ṣe le tó (ìfúnpá inú rẹ̀), tí nọ́ńbà ju 21 mmHg lọ, ọwọ́ wa ti ń lọ síbi ìwé oògùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ inú ojú wà tó ń jọ glaucoma. Kò wọ́pọ̀, ìdí tí a fi ń gbàgbé rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Omi kan ń ṣàn nínú ojú, ó sì ní ibi tó ń gbà jáde. Bí kókó jẹjẹrẹ bá hù síbẹ̀, tàbí tí èérún rẹ̀ dí i, omi á há, ojú á le. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ bá gbé jáde kò ní sọ ohun tó fà á fún yín.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè: ṣé ojú méjèèjì ni? Glaucoma tí a mọ̀ jù sábà máa ń mú méjèèjì, bí ọ̀kan tilẹ̀ le ju èkejì lọ. Bí ojú kan ṣoṣo bá le, tí ẹni náà kò fara pa rí, tí kò lo oògùn steroid tó lè mú ojú le, tí oògùn kò sì mú un rọlẹ̀, ẹ dúró. Ẹ wò ó bóyá àwọ̀ tó yí ọmọlójú ká ti dúdú ju ti èkejì lọ, tàbí ọmọlójú kò rí róbótó mọ́. Ẹ kán oògùn tó ń la ọmọlójú, ẹ wo ẹ̀yìn. Bí ẹ̀jẹ̀ tàbí kàtárákì bá dí ọ̀nà, ẹ ṣe scan. Ẹ má gbà kí wọ́n la ojú bẹ́ẹ̀ láìtíì ṣe é: ihò tí a bá lu fún omi ni jẹjẹrẹ lè gbà jáde.

Ti ọmọdé ló ń dùn mí jù. Ìyá kan pọn ọmọ rẹ̀ wá láti Láfẹ́nwá. Níbòmíràn, oògùn glaucoma ni wọ́n ti fún un, torí ojú òsì ọmọ náà tóbi ju ọ̀tún lọ. Mo ní, “Màmá, kí lẹ kọ́kọ́ rí?” Ó fa fóònù yọ nínú ìró, ó fi àtàǹpàkò nu ojú fóònù náà, ó fi fọ́tò hàn mí. Ọmọlójú kan pupa bí iná fóònù ṣe sábà ń mú kó rí, èkejì funfun báláú.

Ọmọlójú funfun lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, retinoblastoma, jẹjẹrẹ ojú ọmọdé, ni kí ẹ fi sọ́kàn títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kì í ṣe òun. Ojú ọmọdé ṣì rọ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kó wú bí omi bá há. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ fa nǹkan kan nínú ojú yẹn o! UCH Ìbàdàn ni mo darí wọn sí lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ òtítọ́ fún ìyá: ó lè gba pé kí wọ́n yọ ojú kan kí ẹ̀mí ọmọ má bàa lọ. Kí ó tó dìde, ẹ bi í bóyá ọmọ náà ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, kí ó kó wọn wá fún àyẹ̀wò pẹ̀lú, torí ó lè wà nínú ìdílé.