Àmù insulin: ọyẹ́ ti lọ, òjò ti dé

Àmù tí mo ṣe láti fi mú insulin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, tutù láìsí fíríìjì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ òjò ti fi ibi tí agbára rẹ̀ mọ hàn mí.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bọ̀: ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Láfẹ́nwá ni mò ń ṣe é fún. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń bá ìtọ̀ ṣúgà yí, abẹ́rẹ́ insulin ni wọ́n ń gún, àìsí iná sì ti sọ fíríìjì wọn di àpótí aṣọ. Èyí tí wọn ò tíì ṣí wà nínú fíríìjì apòògùn, láàárín dígírì 2 sí 8. Ọ̀kan péré ni wọ́n ń mú wá sílé. Ìwé inú páálí tiwọn ní kò gbọdọ̀ gbóná ju 30 lọ, kí wọ́n sì dà á nù tó bá ti pé ọjọ́ 28 tí wọ́n ṣí i.

Ìkòkò amọ̀ méjì ni, ọ̀kan nínú èkejì, iyanrìn tí mo bu omi rin wà láàárín wọn, aṣọ tútù wà lórí. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jígáwá, ló fi irú rẹ̀ tọ́jú ewébẹ̀ tí wọ́n fi fún un ní ẹ̀bùn Rolex lọ́dún 2000. Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta kì í ṣe Jígáwá. Omi tó ń gbẹ lára amọ̀ ló ń mú inú rẹ̀ tutù, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló sì ń fa omi náà. Nígbà ọyẹ́, ìta wà ní 34, inú ìkòkò wà ní 25, orí mi wú. Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Odò Ògùn ò kúkú jìnnà sí ilé wọn, gbogbo afẹ́fẹ́ rin gbindin. Ìta 30, inú 28.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbájú mọ́ agogo ìkìlọ̀. Arduino, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré kan, àti DS18B20, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru, ni mo lò. Sẹ́ńsọ̀ náà lè fi ààbọ̀ dígírì ṣìnà, nítorí náà 29 ni mo ní kó ti máa ké.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí ìdérí ló ń han. Ẹ̀gbọ́n màmá mi á ní, "Àkànní, wá gbé ọmọ rẹ kó yéé sunkún." Afẹ́fẹ́ ni sẹ́ńsọ̀ ń wọ̀n, oògùn kì í sì í tètè gbóná tó bẹ́ẹ̀. Mo bá bu omi sínú ìgò kékeré kan tó tó ti insulin, mo ti orí sẹ́ńsọ̀ bọ̀ ọ́, mo fi gọ́ọ̀mù dí i lẹ́nu. (Mo kùn ún ní pupa, kí ẹnikẹ́ni má baà fà á sínú abẹ́rẹ́.) Ariwo dá.

Ẹnìkan ní kí n kúkú da yìnyín sínú ìkòkò. Rárá o! Insulin tó bá ti dì ti bàjẹ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ yọ́ padà.

Ó ku iná. Pawa bánkì ń pa ara rẹ̀, torí iná tí ẹ̀rọ ń mu kéré jù lójú rẹ̀. Arduino Uno lódindi sì ń jẹ bátìrì ju bó ṣe yẹ lọ. ATmega328P, ṣíìpù tó jẹ́ ọpọlọ inú rẹ̀, nìkan ni mo fẹ́ lò báyìí, kó máa jí wo ìwọ̀n, kó padà sùn.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi tún ní kí n wá ìkòkò tí kò ní máa jò sílẹ̀ pálọ̀. Àwo ni màá gbé sábẹ́ rẹ̀. Ṣebí omi tó ń jáde yẹn gan-an ló ń mú un tutù.