Lẹ́ńsì full-frame lórí kámẹ́rà crop: ẹ kọ́kọ́ wọn pálọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń tu owó jọ láti ra lẹ́ńsì full-frame (èyí tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà onísẹ́ńsọ̀ ńlá) sórí kámẹ́rà crop yín (onísẹ́ńsọ̀ kékeré), ẹ mú téèpù kí ẹ tó mú owó. Ẹ wọn pálọ̀ tí ẹ sábà máa ń yàwòrán nínú ẹ̀. Mi ò ṣeré o. Àyè ni lẹ́ńsì yẹn máa kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ yín.

Sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà, fẹ̀ tó mílímítà 36 nínú full-frame. Ti Canon crop ò ju nǹkan bíi 22.3 lọ, ti Nikon àti Sony sún mọ́ 23.5. Lẹ́ńsì ń tan àwòrán tó fẹ̀ sẹ́yìn, àmọ́ àárín rẹ̀ nìkan ni sẹ́ńsọ̀ kékeré rí gbà, ìyókù dà nù. Ẹ fi 1.6 sọ iye mílímítà (mm) tó wà lára lẹ́ńsì di púpọ̀ fún Canon, 1.5 fún àwọn méjì tó kù. 24-70 á wá máa ríran bíi 38-112 lórí Canon.

Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ibi ìsọmọlórúkọ. Ẹbí tò, ẹ̀yin náà dúró ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sí wọn. Lórí full-frame, 24mm á mú ẹsẹ̀ bàtà 15 ní ìbú. Lórí Canon crop, 24mm yẹn kan náà ò mú ju 9 lọ, èèyàn bíi mẹ́fà tó fara kanra. Ìyá ọkọ tó dúró sí ìpẹ̀kun á ṣẹ́ ku ààbọ̀ gèlè. Ẹ fẹ́ sún sẹ́yìn, ògiri ti dé. Canon ní 17-55 f/2.8 (f ni bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó; bí nọ́ńbà bá ṣe kéré ni ihò ṣe fẹ̀) tí wọ́n dìídì ṣe fún crop: á mú ẹsẹ̀ bàtà 13 láti ojú kan náà, ó sì ní ohun tó ń dènà gbígbọ̀n ọwọ́, èyí tí 24-70 f/2.8L II ò ní. Fún iṣẹ́ inú ilé, òun ni màá kọ́kọ́ rà, ẹni tó bá fẹ́ràn òrùka pupa iwájú lẹ́ńsì L, ọ̀wọ́ olówó ńlá Canon, kó máa bínú. Àléébù kan ló ní: kò ní wọ DSLR (kámẹ́rà onídígí nínú) full-frame Canon lọ́jọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ kámẹ́rà. Ẹ wo ibi tí lẹ́ńsì Canon ti ń wọ kámẹ́rà: àmì funfun onígun mẹ́rin ni ti crop, àmì pupa roboto ni ti full-frame. Onípupa wọ gbogbo EOS DSLR, ìyẹn DSLR Canon, onífunfun ò wọ èyí tó jẹ́ full-frame, ẹ má fipá tì í.

Ọ̀nà jíjìn ni lẹ́ńsì full-frame ti ń ṣe olówó ẹ̀ láǹfààní lórí crop. 70-200 á ríran bíi 112-320, ẹ lè jókòó láàárín ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹ sì mú òrùka lọ́wọ́ ìyàwó láìdí pásítọ̀ lọ́wọ́. 50mm f/1.8 náà dáa, owó rẹ̀ ò pọ̀, ó sì di bíi 80. Ẹ gbé kámẹ́rà dúró lóòró, kí ẹ jẹ́ kó mú ẹsẹ̀ bàtà 7, ìyàwó látorí dé bàtà: 50mm ń fẹ́ bíi ẹsẹ̀ bàtà 16 láàárín yín, 85mm á fẹ́ 27. Sítúdíò mélòó ló gùn tó bẹ́ẹ̀ ní Mushin?

Ní ti ìmọ́lẹ̀, f/2.8 ṣì ni f/2.8, ẹ má fi nǹkan kan sọ ọ́ di púpọ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣètò. Ẹ̀yìn àwòrán ló máa yàtọ̀. Bí ẹ bá mú ìwọ̀n àwòrán kan náà, f/2.8 lórí Canon crop á yọ́ ẹ̀yìn (kó má hàn kedere) bíi f/4.5 lórí full-frame. Bí ẹ̀yìn ò bá yọ́ tó, lẹ́ńsì yín kì í ṣe ayédèrú. Ẹ fa ẹni tí ẹ ń yà kúrò lára ògiri dáadáa. Ní 200mm, ìyára ṣọ́tà 1/200 (ìdá ìṣẹ́jú àáyá) ò tó mọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1/320, àgàgà bí lẹ́ńsì ò bá ní ohun tó ń dènà gbígbọ̀n.

Ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ kó ṣọ́ra. Píksẹ́lì (ẹyọ àmì tín-ín-tín tó ń di àwòrán) inú crop onímẹgapíksẹ́lì 24 ki bíi ti full-frame onímẹgapíksẹ́lì 61, torí náà lẹ́ńsì àtijọ́ tó mú ṣáṣá nígbà fíìmù lè máà mú ṣáṣá mọ́ bí ẹ bá ṣí ihò rẹ̀ tán. Ẹ pa á dé f/4 tàbí f/5.6. Etí àwòrán tó máa ń ṣókùnkùn lára irú wọn kò ní yọ yín lẹ́nu ní tiyín, crop ti gé e dà nù. Oní-Nikon, D3000 sí D3500 àti D5000 sí D5600 ò ní ẹ́ńjìnnì fókọ́ọ̀sì nínú: lẹ́ńsì AF-D, tí kò ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, á wọ̀ ọ́, ọwọ́ lẹ ó fi máa yí fókọ́ọ̀sì. AF-S, tó ní ẹ́ńjìnnì nínú, ni kí ẹ béèrè.

Fíláàṣì tó bá kámẹ́rà kékeré wá kò ga tó. Bí 24-70 bá wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú hood (ìbòrí tó ń dènà oòrùn lẹ́nu lẹ́ńsì), òjìji bí ààbọ̀ òṣùpá á sọ̀ sísàlẹ̀ àwòrán. Ẹ yọ hood, tàbí kí ẹ lo fíláàṣì ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń fi sórí kámẹ́rà.

70-200 f/2.8 tó bíi kílò kan àtààbọ̀, kámẹ́rà kékeré ò ju ìlàjì kílò lọ. Lẹ́ńsì ni kí ọwọ́ òsì yín gbé, ẹ má jẹ́ kó rọ̀ láti ẹnu kámẹ́rà. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e sórí tripod (ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta), òrùka tó wà lára lẹ́ńsì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ dè mọ́ ọn, kì í ṣe ìsàlẹ̀ kámẹ́rà.