Eyín ẹṣin àti ajọ̀ gàrí

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyàwó mi ò tíì dá mi lóhùn dáadáa láti àárọ̀, torí ajọ̀ gàrí ẹ̀ tí mo gbé lọ sódò tó sì ya mọ́ mi lọ́wọ́. Mo jẹ̀bi, mi ò bá yín jiyàn, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n rò ó.

Àbúrò mi tó wà ní Florida ló kó mi sí i. Oṣù tó kọjá ló fi eyín kan rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé sí mi, ó wé e sínú ìbọ̀sẹ̀ bí ẹni wé góòlù. Eyín ẹṣin ni o, ẹṣin ayé àtijọ́, irú èyí tó kú tán pátápátá ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn, kò wá sí ẹṣin kankan níbẹ̀ mọ́ àfìgbà táwọn ará Sípéènì fi ọkọ̀ ojú omi kó òmíì dé. Ó ní inú odò tí wọ́n ń pè ní Peace River lòun ti rí i, pé wọ́n á wọ inú omi, wọ́n á fi ṣọ́bìrì wa òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ odò sínú ajọ̀, wọ́n á máa mì í. Ìjọba ibẹ̀ ní kéèyàn gba pámíìtì kó tó ṣa irú ẹ̀, eyín shark nìkan ni wọn kì í béèrè pámíìtì fún.

Eyín yẹn gùn tó ìka mi, ó dúdú bí èédú, ó sì wúwo bí òkúta torí òkúta náà ló ti dà. Lójú ẹ̀ níbi tó fi ń lọ koríko, ìlà tínínrín kan ń lọ ó ń bọ̀, ó ń ṣẹ́ kọ́rọ́, bí òwú tó lọ́ mọ́ra. Koríko máa ń jẹ eyín gan, ìdí nìyẹn tí eyín ẹṣin fi gùn wọ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, bí òkè ẹ̀ ṣe ń jẹ ni ìsàlẹ̀ ń yọ díẹ̀díẹ̀.

Màmá mi rí i lórí tábìlì. "Eyín ta lèyí?" Mo ní tẹṣin ni. "Ẹṣin wo ló wà ní Ìsánlú?" Wọn ò jókòó ní pálọ̀ mọ́ títí mo fi gbé e wọ yàrá. Mi ò bá wọn wí ṣá. Ní Ṣáínà, irú eyín báyìí ni wọ́n ń lọ̀ ṣe oògùn, wọ́n ní eyín dírágónì ni. Ṣọ́ọ̀bù olóògùn bẹ́ẹ̀ ni von Koenigswald, òyìnbó kan tó mọ̀ nípa eegun àtijọ́, ti rí erìgì ńlá kan ní 1935, ó sì fi eyín lásán yẹn sọ ìnàkí tí ẹnikẹ́ni ò rí rí lórúkọ, Gigantopithecus. Àwa náà ńkọ́, ṣebí àáké òkúta àwọn ará àtijọ́ là ń rí lóko tá à ń pè ní edùn àrá.

Mo wá rò ó pé àwọn ọmọ tó ń wa góòlù níbí ń jọ yẹ̀pẹ̀ odò lójoojúmọ́, kí ló dé témi ò ní jọ eyín? Bí mo ṣe gbé ajọ̀ nìyẹn. Nǹkan bíi wákàtí méjì, àpáàdì, bátìrì tó ti kú, bọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà, eyín! Ó tóbi, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àyà mi já, mo pe àbúrò mi lórí WhatsApp. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ fi iná láítà kàn án, tó bá ti di òkúta kò ní rùn." Mo fi iná kàn án. Ah! Òórùn orí màlúù tí wọ́n ń wì gan-an ló gba gbogbo etídò, odò ẹran ṣáà wà lápá òkè lọ́hùn-ún. Ọmọ kan tó ń wa góòlù ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni?" Ìtìjú ni mo fi ń sáré gòkè tí mo fi yọ̀ tẹ̀rẹ́, òkúta sì fa ajọ̀ ya.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ jọ́gíráfì rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òkúta tiwa, ooru inú ilẹ̀ ló sè é, eyín kankan ò lè yè é níbẹ̀, ibi tí ẹrẹ̀ ti ń sùn lé ẹrẹ̀ ni kéèyàn wá a lọ. Bíi Àmẹ̀kí lápá Ìlà-Oòrùn, tó jẹ́ òkun ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 40 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n rí eegun àgbọ̀n àbùùbùtán àtijọ́ níbẹ̀ teyínteyín, Andrews, òyìnbó onímọ̀ eegun àtijọ́, sì sọ ọ́ ní Pappocetus lugardi ní 1920. Lugard kẹ̀! Lugard tó ta àsíá ní Lọ́kọ́ja wa níbí ní January 1, 1900. Ẹranko tiwa, orúkọ Lugard ló ń jẹ́, mùsíọ́ọ̀mù Lọ́ńdọ̀nù ló sì wà. Ó ká mi lára ju ọ̀rọ̀ ajọ̀ lọ.

Mo sọ ọ́ fún Ìyá Ṣọlá lálẹ́ bóyá á rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò mọ Lugard, ajọ̀ lòun mọ̀. Mo ti ní màá ra òmíì lọ́jọ́ ọjà. Eyín màlúù yẹn, ẹnu ọ̀nà ni mo gbé e sí, nígbà tí màá fi jáde, ajá ti gbé e lọ.