Láti ilé Sẹ́ríkì dé etí òkun: ìmọ̀ràn fún èrò Àgbádárìgì láti Èkìtì

Àwa ará Èkìtì, òkè la mọ̀. Omi ńlá tí ọ̀pọ̀ wa rí nílé kò ju ìsédò lọ. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ tàbí ilé ìwé bá ń múra Àgbádárìgì láti Adó, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ló yẹ kó ká wọn lára ju ọ̀rọ̀ mọ́tò lọ. Ẹ má lọ kẹ́ ẹ bọ̀ lọ́jọ́ kan náà o. Ẹ sùn síbẹ̀ mọ́jú.

Ọ̀pọ̀ èrò máa ń sáré lọ ya fọ́tò létí òkun, wọ́n á wá fi ilé Sẹ́ríkì Williams Abass, oníṣòwò ẹrú ayé àtijọ́, sí ìgbẹ̀yìn, nígbà tó ti rẹ̀ wọ́n. Kò dáa bẹ́ẹ̀. Ilé náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà àwọn ẹrú ti bẹ̀rẹ̀. Yàrá 40 ni wọ́n ń kó wọn sí kí ọkọ̀ tó dé. Ẹ wọ ọ̀kan, kẹ́ ẹ dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì láìsọ̀rọ̀. Ojú fèrèsé kékeré kan ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ooru á sì ti mú yín kí ìṣẹ́jú méjì ọ̀hún tó pé. Sàréè Sẹ́ríkì, tó kú ní 1919, wà nínú agboolé kan náà. Wọ́n ti mú òun alára lẹ́rú rí, wọ́n gbé e dé Bùràsíìlì, kó tó padà wá di ẹni tó ń tà wọ́n.

Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, kẹ́ ẹ ti wà ní èbúté tí ọkọ̀ ti ń gbéra lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú, erékùṣù tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, torí atẹ́gùn òkun máa ń le lọ́sàn-án, omi á sì máa ru. Kí ẹnikẹ́ni má wọkọ̀ láìwọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì (ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì), kí gbogbo okùn rẹ̀ sì wà ní dídì. Èyí tí kò dì á yọ lọ́rùn béèyàn bá já sómi. Ẹ má tẹ etí ọkọ̀. Àárín gan-an ni kẹ́ ẹ gbẹ́sẹ̀ lé, ẹ tẹ̀ ba, ẹ jókòó, kí ẹlòmíì tó wọlé. Bí gbogbo yín bá dà sápá kan torí fọ́tò, ọkọ̀ lè dojú dé. Bí ojúoró bá lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì lè kú lójijì. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Atukọ̀ á gbé e sókè, á já koríko ọ̀hún kúrò.

Bébùúté Gbẹ̀rẹ̀fú ò bá jìn tó kí ọkọ̀ sún mọ́lẹ̀, ẹ bọ́ bàtà, ẹ rọra wọnú omi. Ẹ má fò: béèyàn bá fò, ọkọ̀ á sún sẹ́yìn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, àárín omi ló máa bá ara rẹ̀.

Ìrìn nínú iyanrìn ló kù dé etí òkun. Omi mímu ṣe pàtàkì, fìlà náà ṣe pàtàkì. Lójú ọ̀nà ni kànga tí wọ́n ní àwọn ẹrú ń mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ẹ má wẹ̀ nínú òkun níbẹ̀, ìgbì ń fa èèyàn lọ.

Ẹ san ìdajì owó ọkọ̀ ní àlọ, ẹ mú ìdajì dání, ẹ gba nọ́ńbà atukọ̀. Kí aago méjì tó lù, kí gbogbo èrò ti padà. Bí ọjọ́ bá kù, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí ní 1845, kò jìnnà sí èbúté.